Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ńlá Lẹ́yìnkùlé ní Àkókò Àkọ́rọ̀: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Gbìn ní Òṣogbo

Ẹni tó bá ní ìdajì pílọ́ọ̀tì tó ṣófo lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Òṣogbo, yálà lọ́nà Ìlobùú ni o tàbí lápá Òfàtẹ̀dó, ti ní ilẹ̀ tó lè fún ìdílé ńlá ní ẹ̀fọ́ láti oṣù karùn-ún títí ọdún yóò fi máa parí lọ, bó bá yan ohun tó yẹ kó gbìn, tó sì gbìn ín lásìkò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Mo fi pílọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 ṣe òṣùwọ̀n, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 50. Bí a bá pín in sí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí a sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì kan àti èkejì fún ọ̀nà, bẹ́ẹ̀dì 9 ni ilẹ̀ náà yóò gbà. Èrò mi, èyí tí gbogbo àfiwé tó wà nísàlẹ̀ dá lé, ni pé kí ẹ̀fọ́ eléwé gba èyí tó pọ̀ jù nínú bẹ́ẹ̀dì 9 náà ní àkọ́rọ̀, kí tòmátì dúró de àrọ̀kúrò, kí ó sì jẹ́ pé omi tó wà nílé àti ọwọ́ tó wà nílé la ó máa wò ká tó pinnu iye tí a ó gbìn lẹ́ẹ̀kan.

Òjò oṣù kẹta tàbí òjò oṣù kẹrin?

Òjò máa ń ga lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Òṣogbo. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, á máa pọ̀ sí i títí dé oṣù kẹfà àti oṣù keje, á dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé ní oṣù kọkànlá. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni òjò méjì mẹ́ta tó ń rọ̀ ní oṣù kẹta. Ilẹ̀ á rọ̀, koríko á yọjú, ọkàn onílé á balẹ̀, àfi kí oòrùn tún mú ganrínganrín fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìsí ìkán òjò kan. Irúgbìn tó bá ti là nínú ilẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe mọ́.

Ẹni tó gbìn ní oṣù kẹta ní èrè tó dájú. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ yóò tó jẹ nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣì wọ́n lọ́jà Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba, koríko kò ní tíì lágbára, kòkòrò ajẹwé náà kò sì ní tíì pọ̀. Omi ni yóò ná an. Bẹ́ẹ̀dì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 50 ń fẹ́ nǹkan bí lítà 100 omi lójúmọ́ nínú oòrùn oṣù kẹta, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin. Bí ẹ bá gbin gbogbo bẹ́ẹ̀dì 9 lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ẹ̀gì 36 ni ẹ ó máa gbé lójoojúmọ́ títí òjò yóò fi fìdí múlẹ̀. Ilé tó ní ẹ̀rọ omi àti rọ́bà gígùn lè ṣe é. Ilé tó jẹ́ pé kànga ni wọ́n ń fà kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e, pàápàá nítorí pé òpin ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni omi inú kànga máa ń jìn jù.

Ẹni tó dúró di àárín oṣù kẹrin yóò pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, koríko yóò sì bá a du ilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni yóò máa bá a bomi rin ọ̀pọ̀ jù nínú ọgbà rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí a gbin bẹ́ẹ̀dì méjì tó súnmọ́ omi jù lọ ní oṣù kẹta, kí ó jẹ́ tẹ̀tẹ̀ nìkan, nítorí pé òun ló tètè ń tó jẹ, kí a wá tún méje yòókù ṣe sílẹ̀ kí wọ́n dúró de oṣù kẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣe tán, ẹ fi àdá gbẹ́ ihò tó jìn tó ìka ọwọ́, ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò náà, kí ẹ sì fún un mọ́ ọwọ́. Bó bá di odindi, tó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, omi ti wọlẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò ń lọ. Bó bá ń tú bí iyanrìn, òjò tó rọ̀ náà kò kọjá ojú ilẹ̀.

Ní ti orísun omi, omi ẹ̀rọ àti omi kànga tó jìnnà sí ṣálángá ni mo fi ṣíwájú, omi òjò tí a gbè láti orí páànù sínú dúrọ́ọ̀mù sì tẹ̀ lé e. Omi odò Ọ̀ṣun ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ yàgò fún. Ìwakùsà wúrà tí wọ́n ń ṣe lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ odò náà di omi amọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àyẹ̀wò sì ti fi irin olóró bíi òjé hàn nínú rẹ̀. Ó dùn mí láti kọ èyí nípa odò tí gbogbo ayé fi mọ ìlú wa, tí UNESCO sì torí igbó rẹ̀ kọ orúkọ Òṣogbo sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n ewé la fẹ́ gbìn, ewé náà la ó sì jẹ, bẹ́ẹ̀ ni irin olóró kì í bá iná jáde nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀dì tàbí ebè?

Àfiwé yìí kò le. Irúgbìn wẹ́wẹ́ bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti ewédú ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, tí a ti fi réèkì tún erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe títí tí kò fi sí ògúlùtu mọ́, nítorí pé bí a bá fọ́n wọn sórí ebè, òjò kan péré ló máa gbá gbogbo wọn lọ sínú poro. Ugu, ilá àti ata ń ṣe dáadáa lórí ebè, nítorí pé omi kò dúró sí wọn nídìí. Bí ilẹ̀ yín bá wà ní ìsàlẹ̀ tí omi máa ń rọ́gún sí, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga tó ìbú ọwọ́ méjì. Bó bá jẹ́ orí òkè tí erùpẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀dì gíga yóò tètè gbẹ, ẹ má jẹ́ kí ó ga ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 4 tí mo sọ nídìí: láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ọwọ́ yóò ti dé àárín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ orí bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé níbí ni wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì sí nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti dì mọ́ ilẹ̀, ẹ fi ṣe ọ̀nà tàbí ibi tí ẹ ó kó koríko jọ sí, ẹ má fi agbára ṣòfò lé e lórí.

Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ajílẹ̀ inú àpò?

Àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ yí Òṣogbo ká, èyí sì mú kí ìgbẹ́ adìyẹ rọrùn láti rí ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ó ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, ó ń jẹ́ kí erùpẹ̀ yanrìn lè di omi mú, agbára rẹ̀ sì máa ń kù sílẹ̀ dé àrọ̀kúrò. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó ṣì jẹ́ tuntun gbóná púpọ̀, ó ń jó gbòǹgbò, ó sì lè kó àìsàn bá ẹni tó ń jẹ ewé tó kàn án. Ẹ kó o jọ sábẹ́ ọ̀rá tàbí imọ̀ ọ̀pẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, tí yóò sì máa tú bí erùpẹ̀ lọ́wọ́. Kílò kan fún mítà kan níbùú lóròó ni òṣùwọ̀n tó dára, ìyẹn nǹkan bí kílò 20 fún bẹ́ẹ̀dì kan, kí ẹ sì pò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ẹ tó gbìn. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gbìn ní àárín oṣù kẹrin ti gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ jọ ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta.

Ajílẹ̀ inú àpò, irú NPK 15-15-15, kò ní òórùn, kò fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ipá rẹ̀ sì ń hàn lára ewé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n òjò ńlá lè fọ̀ ọ́ lọ, kò tún ilẹ̀ ṣe, owó rẹ̀ sì ti ga ju ohun tó yẹ kí a máa dà sílẹ̀ yàlàyàlà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n bá àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Kánádà ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ wa, ti gbé ọ̀nà kan lárugẹ tó mọ́gbọ́n dání: kí a fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí ìdí ohun ọ̀gbìn gan-an dípò kí a fọ́n ọn káàkiri ilẹ̀. Fún ọgbà ilé, ìgbẹ́ adìyẹ ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Ajílẹ̀ inú àpò wà fún bẹ́ẹ̀dì tí ewé rẹ̀ bá ń pọ́n lẹ́yìn tí ẹ ti gé e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dà á ní ìlà láàárín ẹ̀fọ́, kó má kan ewé, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Àwọn ẹ̀fọ́ eléwé, èwo ni kí ó gba bẹ́ẹ̀dì mélòó?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí pé ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ ní ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ìwà ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ilẹ̀ sì yàtọ̀ ju bí ó ṣe rí lójú àwo ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ.

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú ọgbà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni yóò hù, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò ti tó fà. Kò sí òmíràn nínú wọn tó yá tó o. Oòrùn tó yọ kedere ló ń fẹ́, bó bá wà lábẹ́ òjìji igi máńgòrò, gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa ga, ewé rẹ̀ kò ní nípọn. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí kékeré méjì fi tó bẹ́ẹ̀dì kan, ṣùgbọ́n ẹ pò ó mọ́ abọ́ iyanrìn gbígbẹ kan kí ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibì kan yóò fún pọ̀, ibì kan yóò sì ṣófo. Ọ̀tá rẹ̀ ni kòkòrò kan tó máa ń fi òwú tín-ín-rín ká ewé papọ̀, tó sì ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá tú irú ewé tó ká bẹ́ẹ̀ wò, ẹ ó rí kòkòrò àwọ̀ ewé tó gùn tó èékánná, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú wínníwínní sì wà yí i ká. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀wọ́ wọn lè sọ bẹ́ẹ̀dì kan di egungun lásán.

Ṣọkọ yòkòtò kò yá tó tẹ̀tẹ̀. Ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó ń fara da òjìji díẹ̀, kòkòrò tí mo sọ yìí kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ kì í yọ̀ mọ́ra nínú ẹ̀fọ́ rírò. Ìṣòro rẹ̀ wà nísàlẹ̀: àwọn aràn wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí máa ń wọ gbòǹgbò rẹ̀. Bí ẹ bá fa èyí tó ràn tu, tí ẹ sì rí kókó kókó lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má gbin ṣọkọ, ewédú, ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ ní àkókò tó tẹ̀ lé e. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, nítorí pé kì í tètè kó o.

Bí mo bá fi méjèèjì wéra fún ọgbà ńlá, bẹ́ẹ̀dì méjì ni mo máa fún tẹ̀tẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan ni mo máa fún ṣọkọ, kí ti ṣọkọ sì wà ní apá tí ògiri tàbí igi ti ń ṣíji bò ó lẹ́yìn ọ̀sán.

Ewédú kò ní àfidípò nínú ìdílé tó ń jẹ àmàlà, ìdí nìyí tí mo fi fún un ní bẹ́ẹ̀dì méjì. Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn kùnà níbi ewédú ni pé irúgbìn rẹ̀ le, ó sì máa ń sùn. Bí a bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, èyí tó kù yóò wà nínú ilẹ̀. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ tín-ín-rín, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá péré, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sí òjìji kí ó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Àkọ́rọ̀ gan-an ni àsìkò rẹ̀, nítorí pé ojúmọ́ gùn láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, ewédú sì máa ń fi agbára rẹ̀ sí ewé. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú lọ sí ìparí ọdún, kíá ni yóò tan òdòdó, tí yóò sì so. Láàárín oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ lọ́jà, oníyaaya ní ewé tó ṣán létí bí eyín ayùn, amúgbádù sì ní ewé fífẹ̀ tó máa ń kún ọwọ́. Mo yan amúgbádù fún ọgbà ilé nítorí pé ọwọ́ tó ń já ewé kò ní pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá èyí tó ń yọ̀ dáadáa kí ó gbin méjèèjì díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́.

Ugu yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ẹ ó gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì máa gé e títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi wọlé, àti kọjá bẹ́ẹ̀ bí omi bá wà. Nítorí náà, ìnáwó àti iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn èyí ìsinmi ni. Àwọn nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, irúgbìn rẹ̀ kì í fara da gbígbẹ bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ pátá, ó ti kú. Odindi èso ni kí ẹ rà, kí ẹ là á fúnra yín, kí ẹ fẹ́ irúgbìn náà sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì gbìn ín. Ìkejì, akọ wà, abo sì wà, ewé abo ló tóbi, tó sì nípọn jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá wọn mọ̀ láti ara irúgbìn. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ tan òdòdó, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ á sì so jọ bí ìdì. Ẹ gbìn ju iye tí ẹ nílò lọ, kí ẹ sì fa púpọ̀ nínú akọ tu nígbà náà, àfi díẹ̀ tí ẹ ó fi sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí abo so. Ìkẹta, ó ń nà. Fún un ní mítà kan láàárín ìdí kan àti èkejì, kí ẹ jẹ́ kí ó gun ọ̀pá tàbí okùn tí ẹ ta, nítorí pé ewé tó ń wọ́ lórí ilẹ̀ máa ń dọ̀tí, ìgbín sì máa ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀dì méjì ni mo fún un, kí ó sì jẹ́ méjì tó wà létí ọgbà, kí ó má bàa lọ́ mọ́ ewédú.

Fún ewúro àti gbúre, ẹ má fi bẹ́ẹ̀dì kankan ṣòfò. Ẹ gé igi ewúro, ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kí òun fúnra rẹ̀ di ògiri yí ọgbà ká. Ẹ gé gbúre, ẹ rì í sí etí ọ̀nà. Méjèèjì á hù láìwá ìtọ́jú.

Ìyókù jẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì: ilá kan, ata kan.

Fífà tu tàbí gígé?

Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ máa ń fà á tu, wọ́n á di í ní ìdì pẹ̀lú gbòǹgbò, wọ́n á tún ilẹ̀ náà gbìn lọ́gán. Ilẹ̀ wọn kì í sinmi, kòkòrò kì í sì í ráyè gbilẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ra irúgbìn, wọ́n sì ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe léraléra. Ẹni tó ń gé e yóò fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ títí yóò fi ga tó orúnkún díẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ilẹ̀, yóò sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láti gé ọwọ́ tuntun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ewé á kéré, òdòdó á pọ̀, àkókò tó láti tú u nìyẹn.

Fún ìdílé, àpapọ̀ méjèèjì ló dára jù. Nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ máa fa èyí tó fún pọ̀ tu díẹ̀díẹ̀ fún ọbẹ̀ títí èyí tó kù yóò fi jìnnà síra tó ìbú ọwọ́ méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ máa gé àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀dì kejì ni kí ẹ fọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fọ́n ti àkọ́kọ́, kí gbogbo rẹ̀ má bàa tó jẹ lọ́jọ́ kan náà. Mo ti rí ọgbà ńlá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù karùn-ún tí onílé fi ń bẹ aládùúgbò kí wọ́n wá já ẹ̀fọ́, tí ìyàwó ilé náà sì ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà ní oṣù keje.

Ilá, ata, àti ọ̀rọ̀ tòmátì

Ilá rọrùn. Ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan, kí ẹ sì fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀. Láàárín oṣù méjì ẹ ó ti máa ká a. Irú ilá NHAe 47-4, tí NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, ti ṣe jáde, máa ń tètè so. Ẹ máa ká ilá ní ọjọ́ méjì méjì, nítorí pé bí a bá jẹ́ kí ọ̀kan kó lórí igi, igi náà yóò rò pé iṣẹ́ òun ti parí.

Ata rodo ń fẹ́ sùúrù. Inú agolo tàbí àpótí lábẹ́ òjìji ni a ti ń hù ú, yóò lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà níbẹ̀ kí a tó lọ́ ọ, nítorí náà oṣù kejì ni kí ẹ fọ́n èyí tí ẹ ó lọ́ ní oṣù kẹrin. Ẹni tí àkókò ti kọjá lára rẹ̀ kí ó ra èyí tó ti hù. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ́ ọ, kí ẹ sì fi ewé ṣíji bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó fi tọ́ sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni pé, bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó lè so fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Tòmátì ni èèyàn púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje ni tòmátì ti Òkè Ọya máa ń wọ́n, owó rẹ̀ á sì ga lọ́jà. Àwọn ọdún kan tiẹ̀ wà tó burú jù, bí irú 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta run tòmátì ní Kàdúná àti Kánò. Ẹni tó rántí èyí yóò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: tòmátì tí a lọ́ ní oṣù kẹrin yóò máa so ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ jù lọ. Ewé rẹ̀ kì í gbẹ, àrùn tó ń mú ewé ní tóótòòtó dúdú á gun un láti ìsàlẹ̀, èso rẹ̀ á máa jẹrà kí ó tó pọ́n, àwọn kan á sì rọ lójijì ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé wọn kò rí omi mu. Tòmátì àrọ̀kúrò, tí a hù ní oṣù keje, tí a sì lọ́ ní oṣù kẹjọ, yóò máa pọ́n nígbà tí òjò ti ń lọ, ó sì máa ń dára ju ti àkọ́rọ̀ lọ fíìfíì. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, ẹ gbin ìdí díẹ̀ sábẹ́ ìbòòrùn páànù níbi tí òjò kò ti lè máa lù ú, ẹ so ó mọ́ ọ̀pá, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ kí erùpẹ̀ má ta sí ewé, kí ẹ sì já ewé ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì gidi wà fún ẹ̀fọ́ eléwé títí oṣù kẹjọ.

Kòkòrò àti koríko

Ewé dóńgóyárò ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Kílò kan ewé tútù tí a gún, tí a rẹ sínú lítà márùn-ún omi mọ́jú, tí a sì sẹ́, tí a pò mọ́ ọṣẹ díẹ̀, máa ń lé kòkòrò ajẹwé bí a bá fọ́n ọn nírọ̀lẹ́, ní pàtàkì nígbà tí kòkòrò ṣì kéré. Àléébù rẹ̀ ni pé òjò ń fọ̀ ọ́ nù, ẹ ó sì tún un fọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn kòkòrò inú ìgò lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ wà tí a gbọ́dọ̀ kà lẹ́yìn tí a fọ́n ọn kí a tó jẹ ewé náà, a sì máa ń kọ ọ́ sára ìgò. Ẹ̀fọ́ tí a ń gé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Òtapiapia kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́ rárá, bó ti wù kí kòkòrò pọ̀ tó.

Ní ti koríko, ọkọ́ àti ọwọ́ ni kí ẹ lò nínú bẹ́ẹ̀dì, ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹrin lẹ́yìn tí ẹ gbìn, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo àárín ìlà ata, ilá àti ugu. Oògùn apakoríko lè yá ẹni lára níbi ilẹ̀ tó ti di igbó kí a tó kọ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé paraquat wá fún yín, ẹ dá a padà. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, nítorí pé díẹ̀ tó bá wọnú ara lè pa èèyàn.

Irúgbìn ọ̀la

Ẹ lè máa ra irúgbìn lọ́dọọdún, tàbí kí ẹ pa ti yín mọ́. Ti tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ilá ni ó dára láti pa mọ́, nítorí pé wọ́n máa ń so púpọ̀, èyí tí ẹ bá sì yàn láti inú ọgbà yín ti mọ ilẹ̀ yín. Láti oṣù keje, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí márùn-ún tó dára jù nínú bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni nílé má bàa gé wọn fún ọbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tan òdòdó ṣáájú àwọn yòókù, ẹ já aṣọ rẹ̀ kúrò, ẹ má pa irúgbìn rẹ̀ mọ́, nítorí pé ewé la ń wá. Ẹ gé orí rẹ̀ nígbà tó bá ti ń gbẹ, ẹ pa á sórí aṣọ, ẹ fẹ́ ẹ mọ́, kí ẹ sì fi í sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, ní ibi tí oòrùn kò ti ń wọlé. Irúgbìn ugu kò ṣe é pa mọ́ bẹ́ẹ̀. Odindi èso rẹ̀ tó ti gbó ni kí ẹ gbé sí òjìji láìlà á, kí ẹ sì là á ní ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí ẹ gbìn ín.